Òróró ẹ̀pà nínú rélùwéè Bàbá Gáàdì

Inú páálí bàtà ni Alhaja gbé e sí, wọ́n sì fi ìborùn funfun bò ó bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ojú irin ní Ọ̀fà. Maṣíìnì ìránṣọ ni mo ń tún ṣe jù báyìí, ṣùgbọ́n ago ara ògiri ni mo kọ́ nídìí ọ̀gá mi ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, nígbà tí ago tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ká ṣì pọ̀ nílé àwọn àgbàlagbà. Alhaja kò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Alágo, wọ́n ní ìwọ lo gbọ́ èdè ẹ̀rọ àtijọ́. Bá mi wo èyí. Má sọ pé kò ṣeé ṣe o, ẹni mẹ́ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Mo ṣí páálí. Rélùwéè ìṣeré ọmọdé ni. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, aláwọ̀ ewé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ọkọ̀ èédú kékeré tí ń tẹ̀ lé e, kóòṣì méjì, irin ojú ọ̀nà mẹ́fà tó tẹ̀ bí ọrun, àti kọ́kọ́rọ́ kan tí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Páànù ni gbogbo ara ọkọ̀ náà. Mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, mo rí orúkọ Hornby, mo rí Meccano Ltd, Liverpool. Bí mo ṣe gbé e súnmọ́ ojú báyìí, òórùn kan yọ sí mi nímú, òórùn tí mo mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí n kò rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi òórùn yẹn sílẹ̀ ná, n óò padà síbẹ̀.

Bàbá Alhaja ló ni ín. Gáàdì ni wọ́n lórí rélùwéè, ẹni tí ń wà ní kóòṣì ìkẹyìn, tí ń fi àsíá ewé júwe kí dírẹ́bà tó gbéra. Bàbá Gáàdì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Òyìnbó kan tó wà ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ló fún wọn ní ọkọ̀ náà nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìlú Ọba, ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà kọjá ìṣeré. Alhaja kéré nígbà yẹn, wọn kò tíì wọ ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n rántí jù ni pé bí wọ́n bá ti Yidi dé lọ́jọ́ Iléyá, bàbá wọn á to irin náà sórí símẹ́ńtì, gbogbo ọmọ agbo ilé á sì dà sílẹ̀ gbalaja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí símẹ́ńtì, kí ojú wọn lè bá kẹ̀kẹ́ dọ́gba.

Mo fẹ́ràn láti mọ ìdílé ohun tí mo bá fẹ́ tú. Frank Hornby, ará Liverpool, ló gba ìwé àṣẹ ní 1901 fún páànù oníhò tí àwọn ọmọdé ń fi bóòtù dè pọ̀, èyí tó di Meccano. Ọdún 1901 kan náà ni wọ́n ṣí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn. Ìgbà tó di 1920 ni ilé-iṣẹ́ Hornby bẹ̀rẹ̀ sí í ta rélùwéè oníkọ́kọ́rọ́, rélùwéè gidi ti kọjá Ọ̀fà tipẹ́ nígbà yẹn, ó ti dé Jẹ́bbà láti 1909. Àlàfo àárín irin méjèèjì lórí ìṣeré yìí jẹ́ mílímítà 32, mílímítà 7 ni wọ́n sì ń fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan ti rélùwéè gidi. Irin tiwa tó gba Ọ̀fà kọjá fẹ̀ ní mílímítà 1,067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Bó bá jẹ́ pé tiwa ni wọ́n wò ṣe é, àlàfo náà ì bá jẹ́ mílímítà 24 àbọ̀. Ti Ìlú Ọba tó fẹ̀ ju tiwa lọ ni wọ́n wò. Mo fi inú kan ṣàlàyé èyí fún Alhaja, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Bàbá mi sọ fún wa pé ọkọ̀ Ọ̀fà ni." N kò jiyàn. Ó sì wá dùn mí lẹ́yìn náà pé mo sọ ọ́ rárá.

Àwọn mẹ́ta tí Alhaja ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdájọ́ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní sípíríǹgì rẹ̀ ti já, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ẹnì kejì ní òun lè kó inú rẹ̀ dànù kí òun fi mọ́tọ̀ oníbátìrì sí i, á sì máa tanná lójú. Ẹnì kẹta kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi pìláyà gbá a mú, ó sì fi ipá yí i. N kò bínú sí wọn, ẹni tí kò bá ṣe ago rí kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹnì kẹta yẹn dùn mí, torí àpá ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin.

Onígun mẹ́rin ni ọ̀pá tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Pìláyà ti jẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pá náà ti fẹ́ di róbótó. Mo tú sikúrù tó de ara páànù mọ́ ẹ̀rọ, mo gbé ara náà sọ́tọ̀ sórí aṣọ, mo wá tan iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Sípíríǹgì irú ẹ̀rọ yìí kò ní ilé tó bò ó mọ́lẹ̀, gbangba ló wà láàrin pẹpẹ irin méjì, èèyàn lè ka ìká rẹ̀. Ohun tí mo rí jẹ́ kí n rọra gbé e kalẹ̀. Sípíríǹgì kò já. Ó ká mọ́ ọ̀pá rẹ̀ pinpin bí ẹní tí wọ́n ká jọ, láti inú dé ìta. Agbára kún inú ẹ̀rọ náà dẹ́nu, kò sì lè rìn.

Ẹni tó ti ṣe ago rí mọ̀ pé ibẹ̀ léwu. Sípíríǹgì tó já, òkú irin ni, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí tó kún tí nǹkan sì há a mọ́ dà bí ejò tó ká jọ sínú igbá. Mo ní àpá kan lẹ́yìn àtàǹpàkò òsì mi láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ibi tí mo ti mọ̀ nìyẹn. Bí n bá tú bóòtù kan ṣoṣo lára àwọn tó so pẹpẹ méjèèjì pọ̀ kí agbára náà tó kúrò, ó lè ya ẹ̀rọ, ó sì lè ya ọwọ́ mi.

Kọ́kọ́rọ́ ló wá ṣáájú ohun gbogbo. Mo ní agolo mílíìkì kan tí kọ́kọ́rọ́ ago kún inú rẹ̀, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó wọn jọ. Mo ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ń yọ̀ lórí igun tó ti jẹ. Èyí tó kéré sí i kò wọlé. Mo mú fáìlì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ́wọ́ mi, mo fá ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pá náà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ní ojú kan, mo nù ún, mo dán an wò, mo tún fá a. Kì í wù mí kí n fi fáìlì kan ohun tí n kò lè dá padà. Ṣùgbọ́n ohun tí pìláyà ti mú lọ pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ mú lọ, n kò sì rí ọ̀nà míì tí n óò gbà di agbára yẹn mú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kọ́kọ́rọ́ kékeré náà wọlé, ó há dáadáa, kò mì.

Irin kékeré kan wà tó ń há eyín kẹ̀kẹ́ kí sípíríǹgì má baà tú padà bí ẹ bá ti ń ká a. Òun ni ń dún ka-ka-ka bí ẹ bá ń fún ago ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá mi ń pè é ní èékánná. Mo wọ ìbọ̀wọ́ awọ, mo di kọ́kọ́rọ́ mú gírígírí, mo ní Bísímílláì, mo fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ maṣíìnì gbé èékánná náà sókè. Mo ń retí kí kọ́kọ́rọ́ fà mí lọ́wọ́. Kò fà. Èékánná ti kúrò lọ́nà, ohun gbogbo sì dúró bí òkúta.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe gíà nìkan ló dì. Ìká sípíríǹgì fúnra wọn ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mo dá èékánná padà sí àyè rẹ̀, mo fi ìyẹ́ adìẹ kán karosínì sí àárín ìká náà díẹ̀díẹ̀, mo gbé e sórí àwo páànù, mo sì lọ kírun Alásárì.

Nígbà tí mo dé, nǹkan ti sun jáde sórí àwo. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ki bí oyin. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e sí imú. Kúlíkúlí! Kúlíkúlí tó ti pẹ́ nínú agolo, èyí tí ẹ bá bù jẹ tí ẹ óò tu ú dànù. Òórùn tó yọ sí mi nímú láàárọ̀ nìyẹn. Òróró ẹ̀pà ni wọ́n ti ń fi pa inú ẹ̀rọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí mo ń rí i lára maṣíìnì ìránṣọ náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ka èyí ní ìgò òróró tí wọ́n ń fi pa maṣíìnì nílé. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ epo maṣíìnì. Ó lè gbẹ, ó lè ko eruku, ṣùgbọ́n kì í di oje. Òróró tí a fi ń dín nǹkan ń mu afẹ́fẹ́. Bó bá ti fẹlẹ́ lára irin fún ọdún díẹ̀, á kọ́kọ́ nípọn, á wá máa lẹ̀, á wá le bí oje igi tó gbẹ. Ẹ wo etí agbada àwọn alákàrà, ibi tí òróró máa ń ta sí lójoojúmọ́: ohun tó wà níbẹ̀ tí kànìnkànìn ò ràn, irú rẹ̀ ló wà láàrin ìká sípíríǹgì yẹn. Bí òróró náà bá sì ti kan, á máa jẹ idẹ. Gíà méjì inú ọkọ̀ yìí jẹ́ idẹ, nǹkan aláwọ̀ ewé sì ti hù sí ẹsẹ̀ eyín wọn bí ewédò. Lórí gbogbo ìyẹn, ọyẹ́ ọdọọdún ti da eruku tirẹ̀ sí i.

Mo jẹ́ kí karosínì wà lára rẹ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo tún di kọ́kọ́rọ́ mú, mo tún gbé èékánná sókè. Kò sí nǹkan, fún ìgbà tí èèyàn lè ka Fátíhà kan tán. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ó dún tẹ́ẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ewé kúrò lára ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ sì fà mí. Mo jẹ́ kó lọ ní ìdajì ìyíká, mo jẹ́ kí èékánná há a, mo mí, mo tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ìká sípíríǹgì ṣí sílẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n tú bí ìgbà tí obìnrin bá tú gèlè. Mo jókòó. Ẹ̀wù mi ti rẹ fún òógùn, oòrùn kò sì tíì mú.

Alhaja dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Mo bi wọ́n pé ta ló máa ń fi òróró sínú rẹ̀.

"Ìyá mi ni," wọ́n ní. "Kí ló dé?"

Wọ́n sì sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn tí Bàbá Gáàdì kú, ìyá Alhaja ló gba ìtọ́jú ọkọ̀ náà. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀la, ìyá á gbé e jáde, á fi àkísà rírọ̀ nù ún, á fi òrí pa gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀, á wá fi òwú bọ òróró kán sí inú rẹ̀, torí bàbá ti sọ pé irin kì í fẹ́ gbígbẹ. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó sáré. Lọ́dún mìíràn eré rẹ̀ dín. Ìyá ní òróró tí òun fi sí i kò tó, ó fi kún un. Bó ṣe ń fi kún un ni eré ń dín, bí eré ṣe ń dín ló ń fi kún un, títí ọdún kan tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ìyá ṣì ń pa á lára lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti di ara ọdún.

Ó wá sí mi lọ́kàn kí n sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n Alhaja yóò gbé e lọ sílé, wọn yóò sì tún fi òróró sí i, torí ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ ìyá wọn nìyẹn. Mo wá sọ ọ́. Mo fi àwo náà hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Alhaja gbóòórùn, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń fi ìka fa etí ìborùn wọn.

"Nítorí náà, ìyá mi ló pa á."

"Alhaja, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kò kú. Ẹ wá wo nǹkan."

Mo gbé ara páànù tí mo ti yọ sọ́tọ̀, mo yí i padà, mo tanná sí inú ikùn ẹ́ńjìnnì, ibi tí ìka kò lè dé. Ibẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti ń ṣí bí èèpo. Mo wá yí i dojú sókè. Níta, níbi tí ọwọ́ ìyá ti ń dé lọ́dọọdún, kò sí ojú ìdógùn-ún kan. Ọ̀dà ewé rẹ̀ ṣì wà, okùn wúrà tín-ín-rín tí wọ́n fà sí i létí ṣì ń dán. Òrí kì í jẹ́ kí omi àti ìrì rí páànù. Kì í sì í ṣàn bí òróró, ibi tí ẹ bá fi sí náà ni yóò dúró sí. Páànù tó tó ọjọ́ yìí, nínú àjà tí òjò ń rọ̀ lé lórí, ì bá ti lu ihò. Mo sọ fún Alhaja pé bí kì í bá ṣe ọwọ́ ìyá wọn, kò ní sí ara tí n óò dá ẹ̀rọ yìí padà sí. Wọ́n fi ìborùn nu ojú. Wọ́n ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ.

N kò tú pẹpẹ méjèèjì rárá. Àwọn kan yóò ní kí n tú u kí n lè fọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá lè mọ́ láìtú u, ẹ má tú u. Ihò tí ọ̀pá gíà ń dúró sí máa ń fẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tú u tí wọ́n tún un tò. Mo ri gbogbo rẹ̀ sínú karosínì nínú ike onídérí fún ọjọ́ mẹ́ta. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn ìdọ̀tí rẹ̀, mo ń da èyí tó dúdú nù, mo ń bu òmíràn sí i. Igi ìtayín ni mo fi ń yọ nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn ní ẹsẹ̀ eyín gíà, eyín kan lẹ́yìn èkejì; n kò fi sáńpépà kàn án, torí sáńpépà á jẹ eyín pẹ̀lú. Pẹtiróòlù á yára ju karosínì lọ. N kì í jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Alákàrà wà ní ojúlé kejì sí mi, iná rẹ̀ kì í kú. Nígbà tí karosínì jáde ní mímọ́ bó ṣe wọlé, mo fi sípírítì ṣan ẹ̀rọ náà lójú ìta, mo sì sá a sí oòrùn fún wákàtí kan.

Àárín ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ọmọ Alhaja pè mí láti Èkó. Ó kí mi dáadáa, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti ṣe inú rẹ̀ tán, ẹ bá wa gbé e fún àwọn tó ń kun mọ́tò, kí wọ́n fín in ní ọ̀dà tuntun. Iye tó bá jẹ́, mo máa san án." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó fún mi láyè.

Bí wọ́n bá fín ọ̀dà tuntun sí i, ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi sí i ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Mo ti dán sípírítì wò ní igun kan lábẹ́, bíńtín, òwú mi sì ti di aláwọ̀ ewé. Mo mọ̀ nígbà náà pé aṣọ gbígbẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ kan ọ̀dà yẹn. Mo ń nu òrí àtijọ́ tó ti nípọn kúrò lára ọkọ̀ èédú, mo rọra ń nù ún bí ojú ọmọ, nígbà tí mo rí i pé abẹ́ rẹ̀ kò dán geere. Nǹkan ń kọ́ aṣọ. Mo gbé e sí oòrùn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnì kan ti fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i, gàdàgbà, wọ́n kò gún régé, F kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: OFFA. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí ara pátákó ìdúró rélùwéè nìyẹn.

Mo jókòó ti lẹ́tà mẹ́rin yẹn fún ìgbà pípẹ́. Èmi tí mo ń ṣírò mílímítà 24 àbọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ! Bàbá Gáàdì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ Ọ̀fà ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ Alhaja lórí WhatsApp, n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Lálẹ́ ó fi ohùn ránṣẹ́: "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún."

Ìyókù kò le. Òrùlé kóòṣì kan ń mì torí ahọ́n páànù tó dè é mọ́lẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ má fi irin gbígbóná jó irú rẹ̀ pọ̀ o, ooru á sun ọ̀dà. Mo gé páànù agolo tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti inú, ojú kò lè rí i. Àwọn irin ojú ọ̀nà kò ní ọ̀pá ìsopọ̀ mọ́ ní orí mẹ́rin; mo gé orí ìṣó kúrò, mo fá a títí ó fi wọ̀ ọ́. Mẹ́fà náà kò lè pé òbìrípo, ó sì wù mí kí n wá ìyókù kiri. Alhaja ní rárá, mẹ́fà ni wọ́n bá níbẹ̀ láti kékeré. Bàbá wọn ló máa ń gbá ọkọ̀ náà mú ní òpin irin.

Ní ti epo, ẹ̀kán kan ṣoṣo ti epo maṣíìnì ìránṣọ ni mo fi sí ibi kọ̀ọ̀kan tí ọ̀pá ti ń yí nínú ihò. Abẹ́rẹ́ ni mo fi bọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹnu ìgò. N kò fi nǹkan kan sí eyín gíà, torí eyín tó ní epo ni eruku ń wá. Ìká sípíríǹgì nìkan ni mo fi gíríìsì tín-ín-rín pa. Mo ká a ní ìyíká méjì, mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, mo tú bíréèkì. Ó yí. Ó ń dún wìrìrìrì bí kòkòrò tó wọ inú ewé. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn lápá òsì ń mì díẹ̀. Mo wò ó, mo fi sílẹ̀. Kò dí i lọ́wọ́, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, mo lè fọ́ ọ.

A kò dúró de Iléyá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo gbé e lọ sí agbo ilé wọn, símẹ́ńtì kan náà. Orúnkún kò jẹ́ kí Alhaja lè dùbúlẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn ní òpin irin, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ wọn dà sílẹ̀. N kò sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan sọ ọ́; wọ́n kàn dà sílẹ̀ gbalaja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí símẹ́ńtì. Mo ká a ní ìyíká mẹ́rin péré. Mo tú bíréèkì.

Ó kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó fa ọkọ̀ èédú, ọkọ̀ èédú fa kóòṣì, wọ́n gba ojú irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ pẹ̀lú ìró wìrìrìrì yẹn, wọ́n sì wọ àtẹ́lẹwọ́ Alhaja. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń yí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e sí etí, wọ́n sì di ojú títí ó fi dúró.

Iye tí mo ń gbà lórí ago ara ògiri ni mo gbà. Mo fún wọn ní ìgò epo maṣíìnì kékeré kan àti abẹ́rẹ́ kan, mo ní ẹ̀kán kan lọ́dún tó, òróró kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́. Alhaja bi mí pé òrí ńkọ́. Mo ní kí wọ́n máa fi pa ìta bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ nu àṣẹ́kù rẹ̀.

Lẹ́yìn ọyẹ́, wọ́n gbé e padà wá kí n bá wọn wò ó. Páálí bàtà náà ni, ìborùn funfun náà ni. Mo tú ara rẹ̀, mo tanná sí inú. Lórí gíà idẹ kejì, ní ẹsẹ̀ eyín kan ṣoṣo, nǹkan aláwọ̀ ewé bíńtín ti tún yọ, kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo fi igi ìtayín yọ ọ́. Mo gbé e sí imú. Níta, òrí ló ń run, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Inú rẹ̀ kò ní òórùn kankan.